Ta ló pín iṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ? Ìdáhùn fún tíṣà bàólójì kan ní Kubwa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà bàólójì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kubwa, Abuja. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 pé DNA kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́. Ó ní, “Sà, ẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan wà tó máa ń ru èkejì rẹ̀ sókè, òmíràn sì wà tó máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí DNA wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ta ló pín iṣẹ́ fún wọn? Níbo ni wọ́n sì ti wá?” Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wò ó wá. Gbogbo ohun tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọpọlọ eku ni wọ́n ń sọ, èdè ibẹ̀ sì le koko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á. Kí ló dé tó fi jẹ́ eku? Ṣé ohun kan sì wà tí mo lè fi han àwọn ọmọ yìí ní kíláàsì?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn dáadáa. Ìbéèrè tó bi yín kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Òun gan-an ni àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ ọlẹ̀ (ọmọ inú oyún) ń bá yí lójoojúmọ́. Zaria ni mo ti ń ṣe tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọdún kejì tó ń kọ́ anátómì.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ: ibi tí wọ́n ti bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ń pín iṣẹ́ fún un. DNA kan náà ni gbogbo wọn gbé dání lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíìnì tó jí nínú ọ̀kan lè máa sùn nínú èkejì títí láé. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ìyá wà nínú ọlẹ̀ ló ń sọ èwo ni yóò jí. Àwọn arunisókè àti àwọn apanilẹ́numọ́ tí ọmọ yẹn ń béèrè nípa wọn jókòó pọ̀ sí ojú kan nínú èèpo ọpọlọ, ẹnu sì ti yà mí fún ìgbà pípẹ́ pé kì í ṣe ojú kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ti eku kò gba àlàyé púpọ̀. Oyún eku kò ju ọjọ́ 19 sí 21 lọ. Ó ń bí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2002 ni wọ́n ti tẹ ìlànà DNA rẹ̀ jáde, ó sì hàn pé jíìnì tí ènìyàn ní tí eku kò ní irú rẹ̀ kò tó nǹkan. Pabanbarì rẹ̀ ni pé a lè yọ jíìnì kan kúrò lára eku kí a wo ohun tó máa bàjẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ ènìyàn dán wò.

A sì máa ń mọ ọjọ́ orí ọlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: lálẹ́, a ó kó akọ àti abo sínú àgò kan. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, a ó mú abo kọ̀ọ̀kan, a ó gbé ìrù rẹ̀ sókè, a ó wo ojú ara rẹ̀. Bí akọ bá ti gùn ún, àtọ̀ tó dì gbagidi yóò ti dí ojú ibẹ̀ pa. Kì í pẹ́ tó fi máa ń já bọ́, nítorí náà ẹni tó bá sùn di aago mẹ́wàá ti pàdánù ọjọ́ náà. Ọ̀sán ọjọ́ tí a bá rí i la máa ń kà sí ìlàjì ọjọ́, a ó sì máa ka ọjọ́ lọ láti ibẹ̀. Tí ẹ bá rí E12.5 nínú ìwé wọn, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: ọlẹ̀ ọjọ́ méjìlá àtààbọ̀. (Nílùú wa níhìn-ín, bí ooru oṣù kẹta bá mú tí iná sì lọ, eku lè má gba oyún rárá. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti iná.)

Ní nǹkan bí ọjọ́ 7.5, ẹ̀yìn ọlẹ̀ ní abala sẹ́ẹ̀lì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Abala yìí á ká etí rẹ̀ méjèèjì sókè, á pa wọ́n dé, á di páìpù. Láàárín ọjọ́ 8.5 sí ọjọ́ 10 ni pípadé yìí ń ṣẹlẹ̀. Iwájú páìpù yóò di ọpọlọ, ìyókù yóò di mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ihò àárín rẹ̀ yóò sì kún fún omi. Nínú ènìyàn, páìpù yìí ti gbọ́dọ̀ padé tán ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, nígbà tí obìnrin púpọ̀ kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí obìnrin tó ń retí ọmọ máa lo folic acid, 400 microgram lójúmọ́, kí oyún tó dé. Ìwádìí ńlá kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó lé, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn ìyá tó ti bí ọmọ tí páìpù rẹ̀ kò padé rí, bí wọ́n bá lo folic acid, ewu pé yóò tún ṣẹlẹ̀ dín kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n tí wọ́n lò fún àwọn yẹn ga ju 400 lọ, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò bi mí léèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí páìpù. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Sonic hedgehog ń tú jáde. Orúkọ ẹni inú eré fídíò ni wọ́n fún un, àwa onísáyẹ́ǹsì náà ń ṣeré. Láti òkè, purotéènì ẹbí BMP àti ti Wnt ń tú jáde ní tiwọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà nítòsí ìsàlẹ̀ gba Sonic hedgehog púpọ̀, èyí tó jìnnà gba díẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá kò rí i gbà rárá. Bí ìwọ̀n tí ó gbà bá ṣe tó ni sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe jí jíìnì kan tàbí òmíràn. Bí ẹ bá yọ Sonic hedgehog kúrò, bí wọ́n ti ṣe é fún eku ní 1996, iwájú ọpọlọ kò ní lè pín sí méjì, ọlẹ̀ náà á sì ní ojú kan ṣoṣo láàárín orí.

Àwọn jíìnì tí wọ́n ń jí wọ̀nyí kì í ṣe jíìnì lásán. Purotéènì tí wọ́n ń ṣe máa ń padà wá lẹ̀ mọ́ DNA, á tan àwọn jíìnì mìíràn, á sì pa àwọn kan. Nínú ọpọlọ iwájú, Pax6 ló wà lókè, Gsx2 ló wà nísàlẹ̀. Wọn kì í gbà fún ara wọn. Ibi tí Pax6 bá ti lágbára, á pa Gsx2. Ibi tí Gsx2 bá ti lágbára, á pa Pax6. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà tó kọ́kọ́ rí wúruwùru ṣe ń di ààlà tó mú kedere. Nínú eku tí Pax6 rẹ̀ bàjẹ́, jíìnì ìsàlẹ̀ máa ń gòkè wá gba ilẹ̀. Nínú èyí tí kò ní Gsx2, ti òkè máa ń sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ fi ohun kan ṣoṣo dá ọmọ yẹn lóhùn, èyí ni kí ẹ fi dá a lóhùn: kò sí ọ̀gá kan tó ń pín iṣẹ́. Ìwọ̀n èròjà tó ń tú jáde láti apá méjì ni, àti àwọn jíìnì tó ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

Láti òkè, Pax6 àti Neurog2 yóò gbé sẹ́ẹ̀lì gba ọ̀nà Tbr2, lẹ́yìn náà Tbr1, títí yóò fi di arunisókè, èyí tó ń fi èròjà glutamate bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Láti ìsàlẹ̀, Ascl1 pẹ̀lú Dlx1 àti Dlx2 yóò gbé e gba ọ̀nà tirẹ̀ títí yóò fi di apanilẹ́numọ́, tí ó ń lo èròjà GABA.

Ìbí wọn náà dùn ún wò. Bí ẹ bá gé ọpọlọ ọlẹ̀ ọjọ́ 12.5 sí pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ti í sí abẹ́ maikirosikóòpù lẹ́yìn tí ẹ ti fi aró cresyl violet kùn ún, ẹ ó rí i pé ògiri ọpọlọ kò tíì nípọn rárá. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì ló tò sí etí ihò olómi, kírómósóòmù wọn dúdú kirikiri, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ péré ló ń pín nínú àwọn tó wà lókè wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé irú méjì ni wọ́n. Irú kan náà ni. Sẹ́ẹ̀lì ìyá kọ̀ọ̀kan gùn láti etí omi títí dé èèpo ìta. Bó bá fẹ́ da DNA rẹ̀ kọ, kókó inú rẹ̀ (nucleus, ibi tí DNA wà) á gòkè lọ. Bó bá fẹ́ pín, kókó náà á sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀.

Ewu kan wà níbẹ̀: bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ìyá bá di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò bí ìyókù? Ohun tó ń dá wọn dúró ni purotéènì kan tó ń jẹ́ Notch. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti pinnu láti di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yóò gbé purotéènì kan, Delta, síta ara rẹ̀. Delta yìí á kan Notch tó wà lára àwọn aládùúgbò rẹ̀, á sì dènà wọn. Ẹni kan bọ́ sí i, àwọn tó yí i ká dúró. Nígbà tó bá kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn á tún bọ́ sí i.

Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 17 ni èèpo ọpọlọ eku ń rí àwọn arunisókè rẹ̀ gbà. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà péré, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá fi yípo ìpín 11. Wákàtí mẹ́jọ ni ìyípo kan ń gbà níbẹ̀rẹ̀, ó tó 18 nígbà tó bá fẹ́ parí. Èèpo náà ní ìpele mẹ́fà. Èyí tó wà nísàlẹ̀, ìpele kẹfà, ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn á gba àárín wọn kọjá, wọn á lọ jókòó sórí wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìpele kejì. Ní 1961 ni Angevine àti Sidman, ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn nínú eku. Wọ́n fún ìyá eku tó lóyún ní abẹ́rẹ́ thymidine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń kọ́ DNA, ṣùgbọ́n haidirójìn onítànṣán ló wà lára èyí tí wọ́n lò. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń da DNA rẹ̀ kọ lọ́jọ́ yẹn ló máa gbé e mì. Bó bá tún ń pín lọ lẹ́yìn ìyẹn, àmì náà á máa dín kù. Bó bá jẹ́ pé ìpín rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn, àmì náà á wà lára rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Wọ́n fún ìyá kan lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, òmíràn lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n dúró kí àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n wá wo ìpele tí àmì wà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ tó ná owó gọbọi lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, Falconer ní Edinburgh ti ròyìn eku kan tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, tí wọ́n pè ní reeler. Ìpele èèpo ọpọlọ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọlẹ̀: àwọn tí wọ́n bí kẹ́yìn kò rí ọ̀nà kọjá lára àwọn àkọ́bí. Ó di 1995 kí wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́ níbẹ̀. Purotéènì rẹ̀, reelin, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó tètè dé orí èèpo ń tú jáde. Àwọn ọmọ ènìyàn kan wà tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára wọn. Ọpọlọ wọn kì í ní ìkákò dáadáa, ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn wọn kì í sì í dàgbà tó bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ ìbí yìí náà ní jíìnì tó ń bá a rìn. Fezf2 ń jí nínú àwọn ti ìpele karùn-ún tí okùn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Satb2 ń jí nínú àwọn tí okùn wọn máa kọjá sí ìlàjì ọpọlọ kejì. Mi ò ní lọ jìnnà síbẹ̀.

Àwọn apanilẹ́numọ́ wá ńkọ́? Nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tó wà nínú èèpo ọpọlọ eku, nǹkan bíi méjì ni wọ́n. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé sẹ́ẹ̀lì ìyá kan náà tó ń bí arunisókè ló ń bí wọn, pé wọ́n kàn ń gòkè tààrà láti abẹ́ èèpo ni. Ó bọ́gbọ́n mu, kò sí ẹni tó rí ìdí láti jiyàn. Ní 1997, Anderson, Rubenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gé ọpọlọ ọlẹ̀ eku ní pẹlẹbẹ, wọ́n fi í sínú àwo kó máa dàgbà. Wọ́n fi aró sára sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ọpọlọ iwájú, wọ́n sì rí i tó ń fẹ́gbẹ́ rìn wọ inú èèpo. Wọ́n tún gé èèpo kúrò lára ìsàlẹ̀ kí ọ̀nà má sí: apanilẹ́numọ́ inú èèpo dín kù gidigidi. Nígbà tí wọ́n wá wo eku tí kò ní Dlx1 àti Dlx2, tí ìrìn náà kò ṣeé ṣe fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Àlejò ni wọ́n!

Ní Abuja, tí ẹ bá bi ènìyàn pé níbo ló ti wá, ẹ mọ̀ pé kò ní sọ Wuse tàbí Nyanya fún yín, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò sọ, tàbí Daura, tàbí Nsukka. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí. Láti mọ iṣẹ́ tí apanilẹ́numọ́ kan ń ṣe nínú èèpo, ẹ bi í ní ìlú rẹ̀.

Ìlú méjì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ iwájú ọlẹ̀ ní àwọn ibi tó wú wọ inú ihò olómi. Ọ̀kan ni MGE, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni CGE. Láti MGE, níbi tí jíìnì Nkx2-1 ti jí, ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ti ń wá. Oríṣi méjì pàtàkì ló ń bí, èròjà tó wà nínú wọn la sì fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn tó ní parvalbumin máa ń rọ̀ mọ́ ara arunisókè gan-an, wọ́n sì yára bí ààrá. Àwọn tó ní somatostatin máa ń mú un ní ẹ̀ka rẹ̀ tó jìnnà. Láti CGE ni àwọn tó ní VIP ti ń wá. Àwọn VIP yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé àwọn apanilẹ́numọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn gan-an ni wọ́n máa ń pa lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá yọ Nkx2-1 nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré, MGE kò ní jẹ́ MGE mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní dé èèpo bó ṣe yẹ.

Ìrìn wọn ò rọrùn. Láti nǹkan bí ọjọ́ 12 ni wọ́n ti ń wọ èèpo. Sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn máa ń na apá kan síwájú, apá náà á yẹ̀ka sí méjì, á máa fọwọ́ wá ọ̀nà. Ẹ̀ka tó bá rí àmì tó dára ni yóò gbà, á fa èkejì sẹ́yìn. Kókó inú rẹ̀ á wá fò tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dúró, á tún fò. Ara àwọn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni Cxcl12, tó ń kó wọn jọ sójú ọ̀nà kan kí wọ́n má tètè fọ́nká.

Nígbà tí wọ́n bá dé, kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ eku, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún wọn máa ń kú. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní California gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí láti ọlẹ̀ sínú ọpọlọ eku tó ti dàgbà jù wọ́n lọ. Nígbà tó tó àkókò ikú tiwọn, bí ẹni pé inú ọpọlọ tiwọn ni wọ́n ṣì wà, wọ́n kú. Ọjọ́ orí ọpọlọ tó gbà wọ́n lálejò kò yí àkókò wọn padà.

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kan wárápá. Bí apanilẹ́numọ́ bá kéré, àwọn arunisókè á máa pariwo papọ̀. Jíìnì kan tó ń jẹ́ ARX, tó wà lórí kírómósóòmù X, ń ran ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́. Bó bá bàjẹ́, ọmọkùnrin jòjòló lè ní gìrì líle láti oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé. Ẹ kíyè sí ara, ṣá: púpọ̀ nínú wárápá tí à ń rí nílẹ̀ wa, ìpalára nígbà ìbí, àkóràn inú ọpọlọ tàbí ìfarapa orí ló fà á. Kì í ranni. Itọ́ ẹnu aláìsàn kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé.

Ìbéèrè tó kù ni bí a ṣe mọ ìlú sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà, nígbà tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Thymidine ń sọ ọjọ́ ìbí, kì í sọ ibi. Cre ló ń sọ ibi. Cre jẹ́ purotéènì tí a rí lára fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa bakitéríà; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá àmì DNA kan, loxP, kó sì gé ohun tó wà láàárín àmì méjì dànù. A ó ṣe eku kan tó jẹ́ pé kìkì ibi tí Nkx2-1 bá ti jí ni Cre ti máa ṣiṣẹ́. A ó ṣe òmíràn tí jíìnì àwọ̀ pupa wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdènà kan wà níwájú rẹ̀ láàárín loxP méjì. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bá bí, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ti MGE jáde yóò gé ìdènà náà dànù, á pọ́n, gbogbo ọmọ rẹ̀ náà á pọ́n títí láé, kódà nígbà tí Nkx2-1 bá ti sùn padà. Bí a bá wá la ọpọlọ eku náà nígbà tó dàgbà, a ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa káàkiri nínú èèpo. Bí a bá lo Emx1, jíìnì òkè, dípò Nkx2-1, àwọn arunisókè ló ń pọ́n, apanilẹ́numọ́ èèpo kì í pọ́n. Ọgbọ́n yìí ní àléébù kan tí àwọn ọmọ iléèwé mi máa ń gbàgbé: bí jíìnì tí ẹ lò bá jí díẹ̀ níbòmíràn láìròtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà á pọ́n, á sì tàn yín jẹ.

Ẹ̀yìn ọpọlọ ní ìtàn tirẹ̀, mo sì máa yára sọ ọ́. Ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn nìkan ló ní èyí tó ju ìdajì lọ nínú gbogbo nǹkan bíi 71 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku. Àwọn tó kéré jùlọ níbẹ̀, tí wọ́n pọ̀ jù, ti etí òkè páìpù jáde níbi tí Atoh1 ti jí; àwọn ńlá tí wọ́n ń pè ní Purkinje ti etí omi jáde níbi tí Ptf1a ti jí. Arunisókè ni ti Atoh1, apanilẹ́numọ́ ni ti Ptf1a. Ìlànà kan náà ni.

Ní ilẹ̀ páìpù, lágbede méjì ọpọlọ, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lo èròjà dopamine ti ń wá, pẹ̀lú jíìnì Lmx1a àti Foxa2. Àwọn ni wọ́n ń kú nínú àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gbọ̀n. Ohun tí wọ́n kọ́ lára ọlẹ̀ eku nípa wọn ti dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fún sẹ́ẹ̀lì ìyá ènìyàn tó wà nínú àwo ní Sonic hedgehog àti Wnt ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á rò pé ilẹ̀ àárín ọpọlọ làwọn wà, wọ́n á di sẹ́ẹ̀lì dopamine. Ní 2025, èsì ìdánwò méjì jáde, ọ̀kan láti Japan, ọ̀kan láti Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gbin irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ọpọlọ àwọn aláìsàn Parkinson. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò pọ̀, bóyá ó léwu ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọn kò sì rí ewu ńlá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdánwò kékeré yẹn ti fi hàn pé ó ń wo àrùn náà sàn, ẹ sá fún un.

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Ọpọlọ tiwa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì. Èèpo tirẹ̀ dán, tiwa kákò. Nínú ọlẹ̀ ènìyàn, irú sẹ́ẹ̀lì ìyá kan pọ̀ gan-an ní òkè, tó jìnnà sí etí omi, èyí tó jẹ́ pé díẹ̀ ni eku ní. Ohun tó gba eku ní ọjọ́ mẹ́fà sì ń gba tiwa ní oṣù. Ní nǹkan bí 2002 àwọn kan sọ pé nínú ènìyàn, abẹ́ èèpo gan-an ni wọ́n ti ń bí púpọ̀ nínú apanilẹ́numọ́. Nígbà tó di 2013, àwọn ìwádìí tó tún un yẹ̀ wò rí i pé ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ jùlọ ti ń wá, bíi ti eku. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà ní àpapọ̀? Ní oṣù kejìlá 2023, ilé ìwádìí Allen ní Seattle tẹ àwòrán gbogbo ọpọlọ eku jáde, jíìnì tó jí nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi tò ó: ìsọ̀rí 5,322. Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ há iye yẹn sórí. Bí wọ́n bá tún un kà, á yí padà.

Ó ku ti kíláàsì. Ẹ má fi eku dán an wò. Ẹyin adìyẹ ni kí ẹ lò, iṣẹ́ náà sì ní ìtàn tó lọ́lá: láti 1969 ni Nicole Le Douarin, ní ilẹ̀ Faransé, ti ń gé ègé ara ọlẹ̀ àparò kékeré kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti adìyẹ, á sì máa tọpa sẹ́ẹ̀lì àparò nípa kókó inú rẹ̀ tí aró máa ń fi hàn yàtọ̀. Ẹ ra ẹyin lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹyin di ọmọ adìyẹ fún títà. Ẹ gbé e sínú ibi gbígbóná tí kò ju 38°C lọ, kí àwo omi wà níbẹ̀. Bí iná kò bá ṣeé gbára lé, àpótí onífóòmù pẹ̀lú fìtílà àti tẹmómítà á ṣe é, tí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn wákàtí 33 sí 48, ẹ fọ́ ọ jẹ́jẹ́ sínú àwo omi iyọ̀ tí wọ́n ń ta ní kẹ́míìsì. Ọlẹ̀ náà á wà lórí pupa ẹyin. Ẹ gé bébà tí a fi ń sẹ́ nǹkan ní roboto, kí ihò wà láàárín rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn yí ọlẹ̀ ká, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, àwọn ọmọ á rí páìpù náà àti ibi mẹ́ta tó wú níwájú, tí wọn ó di ọpọlọ iwájú, àárín àti ẹ̀yìn. Bó bá ti súnmọ́ wákàtí 48, ọkàn rẹ̀ á ti máa lù. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, nítorí ọmọ kan máa ń sunkún. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kejì.

Ẹyin tí wọ́n ń ta ní kíréètì lọ́jà kò wúlò fún èyí, torí pé adìyẹ tó yé e kò rí àkùkọ rí. Bí ẹ bá fọ́ mẹ́ta tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ padà lọ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá àkùkọ wà láàárín àwọn adìyẹ rẹ̀.